Èébú Àtijọ́ Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Kò Rọ̀ Bí Ẹ Ṣe Rò

Ó wọ́pọ̀ kí èèyàn gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà Ìlú Ọba, àti lẹ́nu àwa tí a fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ wọn, pé nígbà kan rí, èébú pàápàá ní ìwà ọmọlúàbí nínú. Ọkùnrin tó bá fi obìnrin ṣeré, "cad" ni. Ẹni tí kò gbọ́n, "nincompoop" ni. Ọmọ tó ya pòkíì, "rascal" ni. Wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ dáadáa wọ̀nyí ti ń kú lọ, pé ọ̀rọ̀ rírùn ló gba ipò wọn, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́ mọ́.

Pé wọ́n ń kú lọ, òótọ́ ni. Ṣàṣà ni ọ̀dọ́ tó máa pe ẹnikẹ́ni ní "bounder", ìyẹn aláìníwà, ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Ṣùgbọ́n pé wọ́n rọ̀, irọ́ gbáà ni. Létí tiwa ni wọ́n ti rọ̀, torí pé àwùjọ tó ń bẹ̀rù wọn ti kọjá lọ. Ohun tí àwọn èèyàn bá ń ṣọ́ lójú méjèèjì ní àsìkò kan, ì báà ṣe iyì, ipò, ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà, ibẹ̀ ni èébú àsìkò náà máa ń bá wọn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1829. Duke of Wellington, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo, ni olórí ìjọba nígbà náà. Ó ń ti òfin kan lẹ́yìn tó máa jẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà lè wọ ilé aṣòfin. Inú bí Earl of Winchilsea, ó kọ lẹ́tà tí ìwé ìròyìn gbé jáde, ó ní ṣe ni Wellington fi ìdásílẹ̀ King's College ní Lọ́ńdọ̀nù bojú kó lè rí ọ̀nà mú ẹ̀sìn Àgùdà wọlé. Kò sí ọ̀rọ̀ àlùfànṣá kan ṣoṣo nínú ẹ̀sùn náà. Gbogbo ohun tó wí kò ju pé ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà nínú ọkùnrin yìí, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń fi hàn. Wellington ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó kọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jáde lọ sí pápá Battersea pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́, òun àti ẹni tó bú u sì kojú síra wọn. Ìbọn Wellington kò ba ẹnikẹ́ni. Winchilsea yin tirẹ̀ sójú ọ̀run, lẹ́yìn náà ló tó fi ìwé tọrọ àforíjì. Èébú tó lè mú olórí ìjọba fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ta ni yóò pè é ní ọ̀rọ̀ rírọ̀?

Ìbẹ̀rù yẹn ò tíì tán nílẹ̀. Títí di òní, aṣòfin kan kò gbọdọ̀ pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpùrọ́ nílé aṣòfin wọn. Ní oṣù Keje 2021, Dawn Butler dìde, ó ní Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà ti parọ́ fún ilé àti fún orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní kó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, kò gbà, wọ́n sì ní kó jáde kúrò nílé fún ọjọ́ náà.

Ti ipò ló tún le jù, ìyẹn ló sì máa ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. "Villain" tí à ń gbọ́ nínú fíìmù, àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ onílẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò lè fi ilẹ̀ olówó rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ. "Knave" jẹ́ ọmọkùnrin lásán, lẹ́yìn náà ó di ọmọ ọ̀dọ̀, lẹ́yìn náà ó di oníjìbìtì. Àwọn ọlọ́lá ló mú orúkọ tálákà, tí wọ́n sọ ọ́ di orúkọ ìwà burúkú.

Bí ẹnì kan bá sì rò pé irú èébú bẹ́ẹ̀ ti di ìtàn, kó bi Andrew Mitchell. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2012, ọkùnrin yìí, aṣòfin pàtàkì nínú ẹgbẹ́ Conservative, gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu géètì Downing Street, níbi tí olórí ìjọba ń gbé. Àwọn ọlọ́pàá kò ṣí géètì ńlá fún un, wọ́n ní kó gba ti ẹlẹ́sẹ̀. Ó gbà pé òun sọ ọ̀rọ̀ rírùn lójú wọn. Ohun tó ní òun kò sọ rárá ni "pleb", ìyẹn mẹ̀kúnnù, ọ̀rọ̀ kékeré tó ti ayé Róòmù wá. Ẹ rò ó wò: ọ̀rọ̀ àlùfànṣá tó jẹ́wọ́ kọ́ ló gbé ìlú nínú, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó sẹ́ ni. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, ó ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ó pe ìwé ìròyìn The Sun lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá 2014, adájọ́ ní ohun tí òun gbà ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ náà, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ń rọ̀ ní tòótọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1914, òṣèré Mrs Patrick Campbell sọ "bloody" lórí pèpéle ní His Majesty's Theatre, nínú eré Pygmalion tí George Bernard Shaw kọ, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e bí ẹni pé ilé jó. Lónìí ìyá àgbà lè sọ ọ́ nídìí tíì. Nígbà tí Ofcom, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ṣe ìwádìí ní 2016, ara èyí tó fúyẹ́ jù ni wọ́n kà á sí. Ti "berk", ìyẹn òpònú, tún wá yàtọ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án gangan, ó dà bí àwàdà, bẹ́ẹ̀ inú àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí Cockney, ìyẹn àwọn mẹ̀kúnnù ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ló ti wá: wọ́n gé e kúrò lára orúkọ ẹgbẹ́ ọlọ́dẹ kan tí ohùn rẹ̀ bá orúkọ ojú ara obìnrin dọ́gba. Ọ̀rọ̀ tó rùn jù lédè wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Idiot" àti "imbecile" wà nínú òfin gan-an nígbà kan rí. Òfin ọdún 1913 lórí àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé fi wọ́n ṣe ìpele: "idiot" ni ẹni tí kò lè yẹra fún ewu ojoojúmọ́, "imbecile" ló tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n bá lẹ orúkọ yìí mọ́, wọ́n lè mú un kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, kí wọ́n tì í mọ́ ilé ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin ọdún 1959 ló pa ti 1913 rẹ́. Bákan náà, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń jẹ́ Spastics Society pa orúkọ dà di Scope ní 1994, torí pé àwọn ọmọdé ti sọ "spastic", orúkọ àìlera tó ń mú iṣan ara le, di ohun tí wọ́n fi ń bú ara wọn lójú pápá ìṣeré.

Ilé ẹ̀kọ́ tiwa náà jogún nínú rẹ̀. Bí tíṣà bá pe ọmọ ní "nincompoop" tàbí "blockhead" n'Íbàdàn, ọmọ náà kò ní rẹ́rìn-ín, nítorí èébú ṣì ni lọ́dọ̀ wa. A tilẹ̀ fi kún un: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dundee United wá láti Scotland sí Nàìjíríà ní 1972, eré wọn kò tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn, orúkọ wọn sì di orúkọ òpònú lẹ́nu wa.

Èyí tó yẹ kó yé àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ ni ti àwọ̀ ara. Ayé "cad" àti "bounder" tí wọ́n ń ṣàárò yẹn, àwọn òbí wa tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 bá apá ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n rí ìwé lójú fèrèsé àwọn onílé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè wọ́n lójú pópó, kò sì sí òfin tó dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí di 1965, nígbà tí òfin àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà jáde. BBC fi eré tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń kun ojú dúdú láti kọrin hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1958 títí di 1978, ìdílé ńlá àti kékeré ló ń wò ó. Ẹnu kan náà tó ń sọ "cad" pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ló ń sọ èyí tó kù. Nínú ìwádìí Ofcom ti 2016 tó ka "bloody" sí ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ yẹn, àwọn èébú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú wà lára èyí tí àwọn ará Ìlú Ọba sọ pé ó burú jù lọ.