Sàfárì ní Serengeti, òkun ní Zanzibar: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí dọ́là 44 àti ohun tó rọ̀ mọ́ ọn

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba Zanzibar ti pàṣẹ pé àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn kò gbọdọ̀ wọ erékùṣù náà láìra ìwé adójútòfò tiwọn, dọ́là 44. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Tanzania náà gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nínú ètò ìsúnná rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ sí apá orí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá dàrú mọ́ àwọn tó fẹ́ lọ wo ẹranko ní Serengeti, ọgbà ẹranko igbó tó wà ní apá orí ilẹ̀, kí wọ́n tó lọ sinmi létí òkun ní Zanzibar lójú. Wọ́n ń béèrè èwo ni kí àwọn san, àti ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì fi bẹ̀rẹ̀.

Ta ni dọ́là 44 ti Zanzibar kàn?

Gbogbo àlejò tí kì í ṣe ọmọ Tanzania. Ì báà jẹ́ bààlúù láti òkè òkun ló gbé e dé, ì báà jẹ́ Serengeti ló ti ń bọ̀, ì báà sì jẹ́ ọkọ̀ ojú omi láti Dar es Salaam ló wọ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti ìjọba Zanzibar, Zanzibar Insurance Corporation, ló ń tà á, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 92.

Mo ti ra adójútòfò tèmi láti ilé. Ṣé kò tó?

Kò tó. Ẹ máa ra tiwọn kún un.

Ṣebí orílẹ̀-èdè kan ni Zanzibar àti Tanzania? Kí ló dé tí òfin wọn fi yàtọ̀?

Ẹni tó bá lóye ìdáhùn yìí, gbogbo ìyókù ètò ìrìn àjò náà yóò yé e.

Zanzibar kì í ṣe ìpínlẹ̀ kan lásán lábẹ́ Tanzania. Ìjọba Sultan ló wà níbẹ̀ nígbà tó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Oṣù kan lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1964, ìyípadà tó mú ẹ̀jẹ̀ dání lé Sultan kúrò lórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún náà, Zanzibar àti Tanganyika, ìyẹn apá orí ilẹ̀, so pọ̀ di ọ̀kan. Inú orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n ti yọ "Tanzania".

Ṣùgbọ́n Zanzibar kò kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wọlé ọkọ. Wọ́n kọ àwọn ohun tí wọn yóò jọ máa ṣe sínú àkójọ kan: iṣẹ́ ológun, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìwọlé àti ìjáde àlejò, àti àwọn mìíràn. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú àkójọ náà, Zanzibar ló ni ín. Ó ní ààrẹ tirẹ̀ àti ilé aṣòfin tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò afẹ́ kò sí nínú àkójọ yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè dá òfin adójútòfò tiwọn ṣe láìdúró de ìjọba àpapọ̀ ní Dodoma tàbí Dar es Salaam.

Nítorí náà, nínú ètò yín, ẹ ka Serengeti àti Zanzibar sí ilé méjì nínú agboolé kan. Ohun tí ẹ bá san ní ọ̀kan kò dí èyí tí ẹ máa san ní èkejì. Kí ẹ tó gbéra, ẹ wo ojú òpó ìjọba àpapọ̀ fún ohun tó kan apá orí ilẹ̀.

Ṣé físà náà di méjì nìyẹn?

Rárá o. Ìwọlé àlejò wà nínú àkójọ náà, físà kan ló sì wà fún ibi méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ má ti ìwé ìrìnnà bọ ìsàlẹ̀ báàgì. Wọ́n lè tún béèrè rẹ̀ bí ẹ bá dé Zanzibar láti Dar es Salaam.

Oṣù wo ni kí n lọ?

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù owó ńlá. Wọ́n á yan oṣù tó wu àwọn fún òkun, wọ́n á wá dé Serengeti bá ilẹ̀ tí agbo ẹran ti fi sílẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ẹran tí wọ́n ń pè ní wildebeest, èyí tó jọ màlúù lójú àti ní ìwo, tó ń yí ilẹ̀ yẹn ká lọ́dọọdún pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Òjò àti koríko tútù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Inú Serengeti nìkan fẹ̀ tó kìlómítà 14,763 níbùú lóòró, torí náà "mo lọ sí Serengeti" kò sọ ohunkóhun bí ẹ kò bá sọ apá ibi tí ẹ wọ̀ sí.

Láti oṣù kejìlá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, apá gúúsù ni wọ́n máa ń wà, ní agbègbè Ndutu. Eérú òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ló bo ilẹ̀ ibẹ̀, koríko rẹ̀ kúrú, ó sì ń ṣe ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú lóore. Ní nǹkan bí oṣù kejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ọmọ ẹran láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré. Ọgbọ́n wà nínú pípọ̀ tí wọ́n ń pọ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí: kìnnìún àti ìkookò kò lè jẹ wọ́n tán. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí á dìde dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

Láti oṣù keje sí oṣù kẹwàá, apá àríwá ni wọ́n wà, létí odò Mara, níbi tí ọ̀ọ̀nì ti ń dúró dè wọ́n nínú omi. Àkókò yìí ni èrò pọ̀ jù, owó ilé sì ga.

Ní etí òkun ńkọ́? Òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní Zanzibar máa ń tì nígbà náà. Òjò kékeré, vuli, máa ń wá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Tí ẹ bá gbé kàlẹ́ńdà méjèèjì léra, oṣù kejì bá a mu, oṣù keje sí ìkẹsàn-án náà bá a mu. Èmi yóò mú oṣù kejì, nítorí pé ìbímọ kì í sá fúnni. Ènìyàn lè jókòó ti odò Mara fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹran kankan má bọ́ sómi.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Serengeti ni. Wọn yóò máa jí yín kí ilẹ̀ tó mọ́, eruku yóò bò yín. Òkun ni kó gbẹ̀yìn.

Kí ló mú ìrìn àjò yìí wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Owó ẹnu ọ̀nà Serengeti fún àgbàlagbà láti òkè òkun jẹ́ dọ́là 70 fún wákàtí 24 ní àkókò èrò, láìka owó-orí. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ńlá Ngorongoro, ọkọ̀ tún ní owó tirẹ̀, ó tó dọ́là 295. Ẹ wá fi àgọ́ tí kò ní ju yàrá mẹ́wàá lọ kún un, tí oúnjẹ àti epo rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, àti bààlúù kékeré tó ń balẹ̀ sórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má náwó yín tán sórí ibùsùn àti agbada ìwẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yín kiri, tó mọ ohùn ẹyẹ tí ń kìlọ̀ pé àmọ̀tẹ́kùn wà nítòsí, òun ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Òru mẹ́rin ní ibì kan sàn ju òru kọ̀ọ̀kan ní ibi mẹ́rin.

Ẹrù mélòó ni mo lè gbé?

Kílò 15 ni ọ̀pọ̀ bààlúù kékeré ń gbà, nínú báàgì rírọ̀. Ẹ fi aṣọ dúdú àti búlúù sílẹ̀ nílé. Àwọ̀ wọn ń fa irù, eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ má mú àpò ọ̀rá dání pẹ̀lú: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Tanzania ti fòfin dè é.

Ṣé kí n sùn nínú ìlú ni àbí létí òkun?

Ẹ sun ó kéré tán òru méjì ní Stone Town, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Mji Mkongwe, ìlú àtijọ́. Ibẹ̀ ni ọjà ẹrú ńlá wà títí wọ́n fi tì í ní ọdún 1873. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù láàárín ìlú. Ẹ bo èjìká àti orúnkún yín, bó bá sì jẹ́ oṣù Ràmàdáánì, ẹ má jẹun ní gbangba lójú ọ̀sán.

Bí àìsàn bá dé ńkọ́?

Ibà ẹ̀fọn wà ní ibi méjèèjì. Ẹ gba oògùn lọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó lọ. Ẹni tó bá ti orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà dé, bíi Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ ní ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn kan rò pé dọ́là 44 ti parí ọ̀rọ̀. Ìwé Zanzibar kò dé Serengeti. Ẹni tó bá ṣèṣe nínú igbó lè nílò bààlúù tí yóò gbé e lọ sí Nairobi. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ adójútòfò tiyín pé ṣé wọ́n ń san owó ìyẹn, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀.

Ṣé orílẹ̀-èdè náà fara rọ?

Ìbò ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2025 dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Dar es Salaam. Ẹ tẹ́tí sí ìròyìn kí ẹ tó gbéra, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ ṣáájú bààlúù tí yóò gbé yín padà sílé, kí ẹ sì kó gbogbo ìwé yín sórí bébà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ojú òpó èké?

Ojú òpó ìjọba Tanzania àti ti Zanzibar máa ń parí sí ".go.tz". Bí àdírẹ́sì náà bá parí sí òmíràn, tó sì ń béèrè iye tó ju dọ́là 44 lọ lọ́wọ́ àgbàlagbà, ẹ má fi nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀.