Ìkójọ káàdì ìfìwéránṣẹ́ àti fọ́tò àtijọ́

Ìkójọ káàdì ìfìwéránṣẹ́ àti fọ́tò àtijọ́ ni iṣẹ́ wíwá, rírà, títò àti títọ́jú fọ́tò, póòsìkáàdì àti àwọn ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ fún ìlò ìgbà díẹ̀, bí i tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé ìpè àti ìwé ètò ìsìn. Àwọn kan ń kó wọn jọ nítorí ìlú tó wà nínú àwòrán, àwọn mìíràn nítorí ayàwòrán, ilé ìtẹ̀wé tàbí sítáǹpù. Ohun yòówù kó fa ẹni síbẹ̀, ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni mímọ ìgbà tí wọ́n ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Lórí èyí, ẹ̀yìn káàdì sábà máa ń sọ̀rọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ.

Ìtàn ní ṣókí

Ilé ìfìwéránṣẹ́ Austria-Hungary ló kọ́kọ́ gbé káàdì ìfìwéránṣẹ́ jáde, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1869. Brítéènì tẹ̀lé e ní 1870, Amẹ́ríkà ní 1873. Káàdì ìjọba ni ìwọ̀nyí, wọn kò ní àwòrán, sítáǹpù sì ti wà lára wọn láti ilé ìtẹ̀wé. Ní 1894 ni Brítéènì fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni láti tẹ tiwọn, Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1898. Láti nǹkan bí 1900 títí di Ogun Àgbáyé Kìíní ni ọjà póòsìkáàdì gbóná jù lọ.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò gbẹ́yìn. Ní Èkó, N. Walwin Holm, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Accra, wà lára àwọn tó sọ fọ́tò ara wọn di póòsìkáàdì, ilé ìtàwé C.M.S. (ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Church Missionary Society) náà sì ta póòsìkáàdì. Ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, kò sí ẹni tó tẹ èyí tó pọ̀ tó ti Edmond Fortier (1862–1928), tó fi Dakar ṣe ibùdó. Àwòrán tó fi ṣe káàdì ju 3,000 lọ, èyí tó yà ní Dahomey (Benin òde òní) ní 1908 àti 1909 sì wà lára wọn.

Ẹ̀yìn káàdì

Ní ìbẹ̀rẹ̀, òfin kò gbà kí ènìyàn kọ ohunkóhun sí ẹ̀yìn káàdì àyàfi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Ojú káàdì, ní etí àwòrán, ni ọ̀rọ̀ máa ń wà. Ìdí nìyí tí káàdì àkókò náà fi ní àlàfo funfun lábẹ́ àwòrán tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Brítéènì ló kọ́kọ́ fi ìlà pín ẹ̀yìn káàdì sí méjì, ní 1902: ọ̀rọ̀ ní apá òsì, àdírẹ́sì ní apá ọ̀tún. Faransé ṣe tirẹ̀ láàrin 1903 sí 1904, Jámánì ní 1905, Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1907. Nítorí náà, káàdì Amẹ́ríkà tí ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì kò lè ṣáájú 1907. Ṣùgbọ́n èyí tí kò pín kò fi dandan ṣáájú rẹ̀, torí àwọn oníṣòwò ń ta èyí tó ṣẹ́kù ní ilé ìkẹ́rù wọn lọ fún ọdún mélòó kan.

Sítáǹpù àti òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló tún kàn. Sítáǹpù Lagos bẹ̀rẹ̀ ní 1874. Ní 1906 wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Southern Nigeria, tí sítáǹpù tirẹ̀ ti wà láti 1901. Láti 1914 ni Nigeria ti gba ipò gbogbo wọn. Sítáǹpù ń sọ ọdún tí wọn kò lè ti fi káàdì ránṣẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ tó wà nínú òǹtẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an. Kò sí èyí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán nínú méjèèjì. Nínú káàdì Brítéènì, owó ìfiránṣẹ́ lábẹ́lé jẹ́ ààbọ̀ kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì (halfpenny) títí di oṣù Kẹfà ọdún 1918, nígbà tó di kọ́bọ̀ kan. Àwọn káàdì kan sì tẹ iye owó náà sínú àpótí sítáǹpù, ìyẹn ìlà onígun mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ síbi tí sítáǹpù yóò wà.

Àpótí sítáǹpù yìí wúlò jù lórí káàdì tó jẹ́ fọ́tò gidi, tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ṣe lórí ìwé fọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ní ìlà káàdì. Irú èyí pọ̀ gan-an lẹ́yìn tí Kodak gbé kámẹ́rà 3A jáde ní 1903, torí fíìmù rẹ̀ bá ìwọ̀n káàdì mu. Lórí ìwé fọ́tò tí wọ́n ń pè ní AZO, bí àmì onígun-mẹ́ta kéékèèké mẹ́rin tó wà ní igun àpótí bá kọjú sókè pátá, àkókò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1904 sí 1918. Bí méjì bá kọjú sókè tí méjì sì kọjú sílẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 1918 sí 1930. Ọdún tí wọ́n ṣe ìwé nìyí. Ayàwòrán lè tọ́jú páálí ìwé kan pẹ́ kí ó tó lò ó.

Mímọ ọ̀nà ìtẹ̀wé

Gíláàsì amúǹkantóbi onílọ́po 10 tó láti bẹ̀rẹ̀, onílọ́po 30 ló dára jù. Kí a gbé e lé ibi tí kò dúdú jù tí kò sì funfun jù, bí i ojú ọ̀run tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn.

Bí tótó (àmì róbótó kéékèèké) bá tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlà, halftone ni, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Bí a bá rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ká kòrókòró, tí kò tò, collotype ni. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Faransé lò, tí wọ́n sì ń kọ «phototypie» sí etí rẹ̀. Bí kò bá sí tótó rárá, tí dúdú ń yọ́ wọ inú eérú láìsí ààlà, fọ́tò gidi ni. Lára fọ́tò gidi tó ti gbó, ibi tó dúdú jù ní etí máa ń dán bí fàdákà bí a bá gbé e dà síbi ìmọ́lẹ̀. Fàdákà inú fọ́tò ló ti jáde sí ojú rẹ̀. Àbùkù ni lóòótọ́, síbẹ̀ ó wà lára àwọn àmì tó ṣòro fún ayédèrú láti ṣe.

Fọ́tò ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní àmì tiwọn. Ìwé albumen, tí wọ́n fi funfun ẹyin ṣe, tínrín débi pé wọ́n ní láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Lábẹ́ gíláàsì a ó rí òwú ìwé láàrin àwòrán, ibi tó yẹ kó funfun á sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Fọ́tò gelatin tó rọ́pò rẹ̀ sábà ní ìpele baryta funfun tó bo òwú ìwé mọ́lẹ̀. Fọ́tò orí irin máa ń fà mọ́ òòfà. Daguerreotype, irú fọ́tò orí àwo onífàdákà tó jáde ní 1839, ń dán bí dígí, àwòrán rẹ̀ sì ń yí padà di nẹ́gẹ́tíìfù bí a bá dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú rẹ̀, torí bí ìka bá fi lè rá a, àwòrán ti lọ nìyẹn. Páálí carte de visite (fọ́tò kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí), tí ayàwòrán Faransé Disdéri gba àṣẹ rẹ̀ ní Paris ní 1854, tó nǹkan bí 64 × 100 mìlímítà. Ti cabinet card, irú kan náà tó tóbi jù ú lọ, tó gbòde láti 1866, jẹ́ 108 × 165. Bí a bá rí sítáǹpù owó orí lẹ́yìn fọ́tò Amẹ́ríkà, ó dá wa lójú pé láàrin oṣù Kẹjọ 1864 sí oṣù Kẹjọ 1866 ni wọ́n tà á, torí ìgbà yẹn nìkan ni owó orí náà wà.

Ohun tó wà nínú àwòrán

Ilé, afárá àti ọkọ̀ náà ń jẹ́rìí. Àwòrán Ìbàdàn tó fi Gbọ̀ngàn Mápó hàn kò lè ṣáájú 1929, èyí tó bá sì fi Cocoa House tó parí hàn kò lè ṣáájú 1965. Bí ọkọ̀ bá ń gba apá òsì títì ní Nàìjíríà, àwòrán náà ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣi èyí lọ́nà ni àwòrán tí wọ́n tẹ̀ dà délẹ̀, òsì di ọ̀tún. Ká ka pátákó inú rẹ̀ kí a tó gbà á gbọ́.

Àkọlé abẹ́ àwòrán ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹni tó tẹ káàdì ló kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tí wọ́n yà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní orúkọ àti oyè ni wọ́n kàn pè ní «type» (irú ènìyàn) ẹ̀yà kan. Fortier tún máa ń tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú nọ́ńbà, àwọ̀ tàbí àkọlé mìíràn, nítorí náà ọdún tí wọ́n tẹ káàdì lè jìnnà sí ọdún tí wọ́n ya àwòrán. Ẹni tó ń wá káàdì Yorùbá láti Dahomey gbọ́dọ̀ wá «Nago» àti «Nagot», orúkọ tí Faransé ń pe Yorùbá ibẹ̀, pẹ̀lú.

Ayédèrú àti àtúntẹ̀

Kí a fi rúlà wọn káàdì kí a tó sanwó. Ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ láyé ọjọ́un jẹ́ nǹkan bí 89 × 140 mìlímítà; 105 × 148 jẹ́ ti ìgbà tó sún mọ́ wa. Èyí tó bá kéré díẹ̀ sí 89 × 140 lè jẹ́ èyí tí wọ́n gé etí rẹ̀ láti pa ìya mọ́. Iná UV tún wúlò: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi kẹ́míkà amúfunfun sínú ìwé, tí ó ń tàn búlúù lábẹ́ iná náà nínú òkùnkùn. Káàdì «1910» tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tàn kárí jẹ́ ti ìgbà tuntun. Àìtàn kò fi hàn pé ó gbó, torí kì í ṣe gbogbo ìwé tuntun ló ní kẹ́míkà yìí.

Ìtọ́jú

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kọjá ìdá 65 nínú 100 fún ìgbà pípẹ́, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ìdá 30 sí 50 ni wọ́n ń gbà níyànjú. Níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù kò sí, àpótí tó dé dáadáa pẹ̀lú silica gel (èròjà tó ń fa omi), tí a ń yan gbẹ nígbà tó bá ti mu omi, ń ràn án lọ́wọ́. Kí àpótí náà kúrò nílẹ̀, kí ó má sì fara kan ògiri ìta, nítorí ikán, aáyán àti omi òjò.

Àpò polyester, polypropylene tàbí polyethylene ló dára. PVC, tó rọ̀ tó sì ń rùn bí rọ́bà tuntun, ń tú ásíìdì àti òróró sílẹ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ fọ́tò. Àwọn álúbọ́ọ̀mù tí ojú ewé wọn ní ìlà gọ́ọ̀mù lábẹ́ náílọ́ọ̀nù ti ba fọ́tò ìdílé jẹ́ ju iná lọ: gọ́ọ̀mù náà ń pọ́n, ó sì ń le débi pé fọ́tò kò ní jáde láìya. Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, kí ẹnikẹ́ni má fà á. Gelatin ló ti rọ̀ tó sì gbẹ mọ́ gíláàsì, òun ló sì gbé àwòrán dání. Kí a ya àwòrán rẹ̀ láti òde gíláàsì, kí a sì fi í lé onímọ̀ ìtọ́jú lọ́wọ́.

Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni a fi ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn, pẹ̀lú ọwọ́ fúfúyẹ́. Yíǹkì bírò ń là wá sí iwájú. Sẹ́lótéèpù kò dára fún àtúnṣe rárá, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ rẹ káàdì sómi láti yọ sítáǹpù. Fún ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà, kí a ṣe iwájú àti ẹ̀yìn ní 600 dpi, kí a fi TIFF pamọ́, kí a sì kọ àkọlé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, títí kan àṣìṣe inú rẹ̀.

Àwọn ìwé pélébé mìíràn

Ní London, Maurice Rickards dá Ephemera Society, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ìwé pélébé, sílẹ̀ ní 1975, àkójọ ìwé pélébé John Johnson sì wà ní ilé ìkàwé Bodleian, Oxford. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù. Ìwé ètò ìsìnkú níye lórí púpọ̀, torí ó sábà ń ní fọ́tò, ọjọ́ ìbí, orúkọ ọmọ àti ìtàn ayé olóògbé pa pọ̀. Ìwé pélébé tí iye owó ara rẹ̀ bá wà ní ṣílè sábà máa ń ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, nígbà tí náírà dé. Ọ̀pọ̀ ìwé pélébé wà lórí ìwé tó ní ásíìdì, nítorí náà kí a má kó wọn pọ̀ mọ́ fọ́tò nínú àpò kan.