Ìdí tí Ìbọn fi ń Gbún Ọdẹ Léjìká

Tí ọdẹ bá yìnbọn lóru nígbó Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ilẹ̀ wá mọ́ tí èjìká rẹ̀ dúdú bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó gún, àyè tó fi sílẹ̀ láàrin ìdí ìbọn àti ara rẹ̀ ló fà á.

Kátíríìjì gééjì 12 máa ń gbé nǹkan bí gíráàmù 32 ọta wẹ́wẹ́, ó sì ń lé e jáde ní bí mítà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó wọn kílò 3.2 wúwo tó ọta yẹn lọ́nà 100, nítorí náà òun náà á ta sẹ́yìn ní bí mítà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ká má tíì ka ti èéfín ẹ̀tù. Tí ìdí rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ ara, èjìká á bá a rọ́ sẹ́yìn, títì lásán ni. Tí àyè ìka kan péré bá wà, ìbọn á ti sáré kó tó kan eegun. Ìyẹn ti di ẹ̀ṣẹ́.

Ṣakabùlà tí wọ́n ń yìn sókè níbi ìsìnkú ọdẹ, ẹ̀tù nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọta tó wúwo tí yóò lé jáde, ni ọwọ́ kan fi ń gbà á. Ẹni tó bá fọwọ́ kan yìn ín nígbó, tòun ti ọta, kò ní í rí i bẹ́ẹ̀.

Kòtò kan wà lábẹ́ eegun tó ti ìsàlẹ̀ ọrùn lọ sí èjìká, kó tó kan oríkèé apá. Ibẹ̀ ni ìdí ìbọn ń wọ̀. Tí a bá gbé ìgúnpá ọ̀tún sókè díẹ̀, kòtò náà á là. Tí ìgúnpá bá lẹ̀ mọ́ ìhà, á pa dé, ìdí ìbọn á sì yọ̀ bọ́ sórí eegun apá. Oǹdè ara gbérí, ẹ̀wù ọdẹ, ńkọ́? Èyí tó bá há sábẹ́ ìdí ìbọn, inú ẹran ara ló máa rì sí. Èjìká òsì ni kí okùn àpò ọdẹ náà wà.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ igi ìbọn, torí ojú tó jìnnà sí igi ni igi ń gbá. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fa ìbọn mọ́ èjìká. Tí ọwọ́ yẹn bá dẹ̀, ìbọn á yọ̀ sẹ́yìn, irin tó yí ibi tí ìka ń fà ká á gbá ìka àárín. Nígbà míì ìbọn á ta padà síwájú, ìka á tún fà á láìmọ̀, ẹnu kejì á dún.

Ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣáájú, orúnkún á rọ̀, ara á tẹ̀ síwájú díẹ̀. Torí pé ẹnu ìbọn wúwo, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ọdẹ máa ń fẹ̀yìn sẹ́yìn láti fi gbé e, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ìbọn kan á sì dá wọn jókòó. Kí a fẹ̀yìn ti igi tún burú ju ìyẹn lọ: èjìká ò ríbi rọ́ sí.

Ìbọn pélébé ò sí lára tọdẹ. Òfin ìbọn ọdún 1959 kà á mọ́ èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ẹnu tiẹ̀ ń fò sókè torí pé ó ga ju ọwọ́ tó dì í mú lọ. Ìdí nìyí táwọn tó ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́ fi ń di ọrùn ìdí rẹ̀ mú lókè pátápátá, tọwọ́ òsì á wé ti ọ̀tún, tí ìgúnpá á sì tẹ̀ díẹ̀.

Ìbẹ̀rù ló kù. Ẹni tí ìbọn ti gbún rí máa ń dijú kó tó fà á. Kí ẹlòmíràn bá a kì í láì jẹ́ kó rí i, kó fi kòròfo kátíríìjì tí wọ́n ti yìn sí i nígbà míì, kí ẹnu ìbọn sì kọjú síbi tí kò séèyàn. Bí ìbọn ò bá dún, tí ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀, ọwọ́ ti ń bá ìbọn jà ṣáájú kó tó ta.