Ta ló jẹ GB márùn-ún? Ìtàn láíbírì tó ń wọn fáìlì

Ra fíláàsì 64 GB (gigabyte), fi sínú kọ̀ǹpútà Windows, nǹkan bí 59 GB lo máa bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí ìyókù. Ìjà òṣùwọ̀n ni, ọmọ ìjà náà sì ni àwọn láíbírì kékeré (àkójọ kóòdù tẹ́lòmíì ti kọ sílẹ̀) tí àwa tó ń kọ kóòdù ń yá lò láti sọ byte, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fáìlì, di nọ́ńbà tójú lè kà.

Ọdún 1956 ni Werner Buchholz, tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Stretch, sọ ìdìpọ̀ bit (òdo tàbí oókan tí kọ̀ǹpútà ń lò) ní byte. Ọ̀rọ̀ òyìnbó fún kí èèyàn gé nǹkan jẹ ló mú, ó wá fi y rọ́pò i kí akọ̀wé tó ń kánjú má baà sọ ọ́ di bit. Byte ò tíì ní iye bit kan pàtó nígbà náà. System/360 tí IBM kéde ní 1964 ló fìdí 8 múlẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láti ara kilo, tó túmọ̀ sí 1,000. Sọ 1 di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 1,024 lo máa bá. Wọ́n wò ó pé kò jìnnà sí 1,000, ni wọ́n bá pè é ní kilo. Àléébù 24 lórí 1,000, ta ló fẹ́ bínú sí i? Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé giga (bílíọ̀nù), ó ti lé ní 73 lórí 1,000. Ní tera (tírílíọ̀nù), ó kù díẹ̀ kó pé 100. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni dísìkì pẹlẹbẹ 1.44 MB àtijọ́: byte 1,474,560 ló ń gbà, ìyẹn 1,440 lọ́nà 1,024. Mega (mílíọ̀nù) tiwọn wá di 1,000 lọ́nà 1,024! Kóńgò ọjà gan-an nìyẹn: kóńgò ni gbogbo wọn ń jẹ́, àmọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú kó o tó sanwó.

Ní December 1998, IEC, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ohun èlò iná mànàmáná, fọwọ́ sí kibi, mebi àti gibi (KiB, MiB, GiB) fún ìdílé 1,024. Windows ò yí padà: 1,024 ló ń fi pín, GB ló ń kọ. Àwọn tó ṣe fíláàsì ní tiwọn, 1,000 ni wọ́n fi ń kà; ibẹ̀ ni 64 ti di 59. Apple bọ́ sí 1,000 ní 2009.

Láíbírì kọ̀ọ̀kan ló wá mú ìhà tirẹ̀. Commons IO ti èdè kóòdù Java, 1,024 ló ń lò, ó sì ń gé ìdí nọ́ńbà dànù: fáìlì tó kù díẹ̀ kó pé 2 GB, "1 GB" ló máa kọ. (Ó ti kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ rí.) bitmath ti èdè Python mọ ìdílé méjèèjì, o lè ro GiB pọ̀ mọ́ GB. pretty-bytes ti èdè JavaScript, 1,000 ló yàn: fún un ní 1337, á dá ọ lóhùn pé 1.34 kB. Àfi tó o bá kọ binary: true ló tó máa sọ ọ́ di 1.31 KiB.