Ọkọ̀ kámpà tó ti pẹ́ láyé: omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Tí èèyàn bá gbé ọkọ̀ kámpà (ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú) tó ti lé lọ́dún 20 wá fún mi, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ló máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ṣé ó ń jẹ ọ́ìlì, kìlómítà mélòó ló ti sá, ṣé gíà ẹ̀ ṣì dáa. Ìbéèrè gidi ni gbogbo ẹ̀ o, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ́ńjìnì tó bá dákú, a lè tú u, a lè tún un ṣe, a tiẹ̀ lè gbé òmíì sí i. Àmọ́ ọkọ̀ tómi ti ń wọ inú ògiri ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí igi inú ẹ̀ ti rà, tí irin abẹ́ ẹ̀ ti dógùn-ún, owó tẹ́ ẹ máa ná sí i lè ju owó tẹ́ ẹ fi rà á lọ. Ìdúró ló ń pa ọkọ̀ kámpà ju ìrìn lọ. Ó lè wà lójú kan fún oṣù mẹ́fà, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, rọ́bà ń gan, gọ́ọ̀mù etí wíńdò ń là, kẹ́ ẹ tó mọ̀, omi ti wọlé.

Ibi tẹ́ ẹ ti rí omi sì kọ́ ni ibi tó gbà wọlé. Ó lè gba etí wíńdò òrùlé wọlé, kó gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀, kó wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, ẹ̀yin á máa bá páìpù síǹkì jà. Ẹ gun àkàbà wo gbogbo ibi tí wọ́n bá ti luhò sórí òrùlé: wíńdò, ihò atẹ́gùn, ẹsẹ̀ sólà, ibi tí wáyà gbà wọlé. Ẹ wá bọ́ sínú, ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kó tìmùtìmù kúrò, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri díẹ̀díẹ̀, pàápàá lábẹ́ wíńdò àti ní gbogbo kọ̀rọ̀. Tó bá le gbagidi, ó dáa. Tó bá ń tẹ̀ wọnú, tó wú, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí ò tíì gbẹ, omi ti ń gbébẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin inú igi, tó bá ti wà lábẹ́ ìdá 15 nínú 100 ẹ fọkàn balẹ̀, láti 15 sí 20 ẹ máa ṣọ́ ọ, tó bá ti kọjá 20 ẹ tú ibẹ̀ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi silicone, gọ́ọ̀mù inú túùbù yẹn, kún orí gọ́ọ̀mù tó ti gbó. Mo mọ̀ pé ó yá, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ń lẹ̀ mọ́ silicone dáadáa lẹ́yìn náà, ọ̀dà gan-an ò lẹ̀ mọ́ ọn, omi á sì máa rá gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ tú férémù wíńdò náà jáde, ẹ ha gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí igi abẹ́ ẹ̀ gbẹ dénú, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ o, ẹ má kánjú. Lẹ́yìn náà ẹ wá fi téèpù butyl (rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀) yí i ká. Butyl kì í le, ó máa ń rọ̀ títí ni, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń bá ọkọ̀ mì láì là. Ẹ de àwọn síkúrù ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yíká, ẹ má de ẹyọ kan pa kẹ́ ẹ tó lọ síkejì, butyl tó bá sì yọ jáde ẹ gé e lọ́jọ́ kejì. Tó bá jẹ́ wíńdò oníke ni, ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí sípíríìtì nù ún, ó máa là wẹ́wẹ́ lójú yín. Tí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, ẹ má tíì pààrọ̀ pátákó kankan títí tí jíjò náà á fi dáwọ́ dúró.

Ti irin náà ò yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí ọ̀dà ti wú róńdó nítòsí táyà tàbí lábẹ́ rọ́bà wíńdò, ohun tó wà nínú pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ rí lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi filler (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀) bò ó. Kí wọ́n ha á débi tí irin ti funfun, kí wọ́n gé ibi tó ti jẹrà kúrò, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n tó kùn ún. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, omi ni wọ́n ń dà jáde, ẹ máa yọ ìdọ̀tí tó bá dí wọn.

Ó wá ku àwọn nǹkan tí ọjọ́ orí ń bà jẹ́ bí wọ́n tiẹ̀ dà bíi tuntun. Táyà ni olórí wọn. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lópin, tó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ojú táyà kámpà lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa kí ara ẹ̀ sì ti là, torí ẹrù ò kúrò lórí ẹ̀ tọ̀sán-tòru, omi lítà 100 nìkan, kílò 100 nìyẹn. Tó bá ti pé ọdún 10, ẹ yọ ọ́, kódà tí ojú ẹ̀ ò bá tíì jẹ.

Ọ́ìlì bírékì náà máa ń fa ọ̀rinrin látinú afẹ́fẹ́. DOT 4, oríṣi ọ́ìlì bírékì kan, tó bá jẹ́ tuntun, ò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n tómi bá ti wọ inú ẹ̀ ó lè hó ní nǹkan bíi 155°C. Ẹ̀yin ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù, bírékì gbóná, ọ́ìlì hó, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó rì lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ ò dúró. Ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, iṣẹ́ kékeré ni.

Hóòsì pẹtiróòlù ńkọ́? Àwọn Volkswagen Type 2, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1950, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wọn wà, tí hóòsì ibẹ̀ bá là, orí irin gbígbóná ni epo ń kán sí, iná ti jó púpọ̀ nínú wọn báyìí. Ẹ fọwọ́ tẹ hóòsì yín wò, tẹ́ ẹ bá ti rí ilà wẹ́wẹ́ lára ẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú kílíìpù. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn pẹtiróòlù nínú ọkọ̀, ẹ má tanná sí i rárá.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń lọ bá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi luhò sílẹ̀ ibi tí sìlíńdà wà. Àwọn kan máa ń dí ihò yẹn nítorí òtútù, ẹ má dán an wò. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi máa wá ibi tó ń jò, kì í ṣe iná ìṣáná, ẹ sì ra áláàmù carbon monoxide, èéfín olóró tó ń jáde látinú iná, torí kò lóòórùn, kò láwọ̀, orí oorun ló ń pa èèyàn.

Bátìrì tó ń gbé iná inú yàrá ọkọ̀: lẹ́yìn tó bá ti sinmi, 12.7 fóòtì (volt) túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2 ti dé ìdajì, tó bá jẹ́ olómi ásíìdì ẹ má lò ó kọjá ibẹ̀. Fíúùsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì, torí wáyà ló ń dáàbò bò.

Tẹ́ ẹ bá máa gbé e sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ẹ gbé tìmùtìmù dúró, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, ẹ má dí ihò atẹ́gùn, tó bá sì jẹ́ ibi tí omi ti ń dì ni, ẹ da gbogbo omi inú táńkì àti páìpù nù. Ẹ má kàn máa tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ pa á, omi ló ń kó sínú ẹgísọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e jáde, ẹ wà á títí gbogbo ẹ̀ á fi gbóná, kẹ́ ẹ sì máa tẹ bírékì dáadáa lójú ọ̀nà.