Ẹni Tí Ń Kan Ilẹ̀kùn Arúgbó

Ìyá tó bí ìyá mi kò san owó ilé rí. Inú yàrá rẹ̀ nínú agbo ilé wa ní Ìrẹ́mọ, Ilé-Ifẹ̀, ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló kú sí. Bí oòrùn bá yọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tíì ṣí, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé á kàn án: "Ìyá àgbà, ṣé ẹ ti jí?" Ọmọdé kan á gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wọlé tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí iṣẹ́.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé arúgbó tálákà ń wá. Ní 1959, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Section 202 jẹ́ kí ìjọba máa yá àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè lówó láti kọ́lé fún wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó wọlé ní ẹni ọdún 62 ń bọ̀ wá di ẹni 80. Orúnkún á kọ̀, á gbàgbé oògùn, wọ́n á sì kó o lọ sílé ìtọ́jú nítorí pé kò rí ẹni bá a gbé ìkòkò kaná.

Penn South ní New York ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aránṣọ ló ṣagbátẹrù ilé gogoro mẹ́wàá yìí, ibùgbé 2,820; Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fúnra rẹ̀ wà níbi ìṣílé ní 1962. Àwọn tó wọ̀ ọ́ nígbà tí ara ṣì le kò kúrò mọ́. Nígbà tó di 1986, ilé náà dá ètò sílẹ̀ pé kí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wá bá wọn níbẹ̀. Òfin 1990 wá fàyè gba ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú àwọn ilé arúgbó tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́ jẹ́ láti mọ ohun tó ń ṣe oníkálukú. Ìyàwó ilé wa náà nìyẹn, owó oṣù ni wọ́n fi kún un.

Lọ́dọ̀ wa, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tálákà ní 5,000 náírà lóṣù ní 2011. Mi ò kóyán rẹ̀ kéré, àmọ́ owó kì í kan ilẹ̀kùn.

Yàrá ìyá àgbà ti di ti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kan. Bàbá kan ló kù ní òdìkejì, àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó. Ọmọbìnrin yìí máa ń kí i bó bá ń lọ pọnmi láàárọ̀, á sì dúró títí bàbá á fi dáhùn. Bí ASUU bá yanṣẹ́ lódì, ilé wọn ló ń lọ.