Kí ni wọ́n ń pè ní extrusion, kí sì ni ẹ̀wà ń wá nínú ẹ̀?

Ṣé ẹ mọ ìpápánu yẹ́lò inú ọ̀rá yẹn, tó ń wú, tó máa ń kun gbogbo ìka ọmọ? Wọn ò dín in o, wọn ò sì fi yíìsì sí i. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní extruder ló ṣe é, iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní extrusion.

Wọ́n á lọ àgbàdo, kò ní kúná jù, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, gbogbo omi inú ẹ̀ máa ń wà láàárín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á wá dà á sẹ́rọ. Súkúrù ńlá kan ló ń yí nínú páìpù irin níbẹ̀, ó ń tì í síwájú, ó ń fún un mọ́ra, bó ṣe ń ha lára irin yẹn àti iná tó wà lára páìpù á mú kó gbóná dé 120 sí 180 digiri, omi yẹn ò sì ráyè hó torí ibẹ̀ ti fún pinpin. Bó bá ti gba ihò tóóró ẹnu ẹ̀rọ yọ síta báyìí, omi á di ooru lójijì, á fẹ́ ẹ wú bí gúgúrú ṣe ń bẹ́, abẹ á sì máa gé e. Kì í ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, ó ti jinná. (Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń fẹ̀rọ ṣe ní Wisconsin l'Amẹ́ríkà ní bíi 1930 sí 1939 kí wọ́n tó rí i pé àgbàdo tó ń wú jáde níbẹ̀ dùn ún jẹ.)

Àmọ́ àgbàdo nìkan, stáàṣì ló pọ̀ jù níbẹ̀, protéènì ẹ̀ ò ju bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, lysine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di protéènì, ò sì tó. Ẹ̀wà ní bíi 23, sóyà lè lé ní 35, lysine wà nínú àwọn méjèèjì dáadáa, methionine, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, tó wá dín nínú tiwọn, àgbàdo ní i, wọ́n kúkú ń bo àṣírí ara wọn. Èrò yìí náà ni FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Óṣòdì, fi ṣe sóyà-ògì.

Ibi tó ti le rèé: stáàṣì ló ń wú, ẹ̀wà kì í wú bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, á ki, á sì le. Sóyà tiẹ̀ tún burú jù torí òróró inú ẹ̀ máa ń mú kó yọ̀ lára súkúrù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún òróró ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lò ó. Àwọn kan máa ń ṣe nǹkan bí àgbàdo 70, ẹ̀wà 30. Iná sì gba ìṣọ́ra: sóyà nílò ẹ̀ kó lè dà nínú, àmọ́ tó bá pọ̀ jù, lysine tá a torí ẹ̀ fi ẹ̀wà sí i náà ló máa bàjẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà fún ọmọ, ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá jàre, níbi tí wọ́n kọ àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe é sí, bí nǹkan ṣe pọ̀ sí ni wọ́n ń tò ó, ẹ̀wà tó bá wà lẹ́yìn iyọ̀, kékeré ni.